Lẹ́tà ṣíṣí sí gómìnà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá: ẹ bi àwọn ìyá ọmọ bóyá wọ́n ń sùn

Ẹ̀yin gómìnà wa ní Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun, Òǹdó àti Èkìtì,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Nọ́ọ̀sì ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo lò ní ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé, èyí tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà, kí n tó fẹ̀yìn tì lọ́dún tó kọjá. Mo gún àwọn ọmọ kan lábẹ́rẹ́ níbẹ̀ títí àwọn náà fi gbé ọmọ tiwọn wá bá mi. Mi ò bá ẹnikẹ́ni nínú yín ṣòṣèlú, mi ò sì wá iṣẹ́. Inú ló ń bí mi, mo sì fẹ́ kí àwọn ará ìlú gbọ́ ohun tó ń bí mi nínú.

Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ fún gbogbo Nàìjíríà. Èyí tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn Gẹ̀ẹ́sì amúnisìn ló gbé e kalẹ̀ ní 1916. "Lunatic" ló ń pe aláìsàn, bí wọ́n ṣe máa tì í mọ́lé ló sì gbájú mọ́. Òfin tuntun ní aláìsàn ọpọlọ ní ẹ̀tọ́ bíi ti ẹlòmíràn, pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tìtorí àìsàn lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ tàbí kí ó fi ilé háyà dù ú. Nígbà tí a gbọ́ ọ lórí rédíò, àwa nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé wa ra mínírà fún gbogbo wa.

Lọ́jọ́ tí mo ń kó ẹrù mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́, mo wo káńtà wa. Káàdì ọmọdé àtijọ́ náà ni. Kọ́bọ́ọ̀dù oògùn àtijọ́ náà ni, kò sí hóró oògùn ọpọlọ kan níbẹ̀. Nínú gbogbo àwa òṣìṣẹ́, kò sí ẹnì kan tí wọ́n kọ́ ní ohun tó yẹ kó ṣe bí aláìsàn bá jókòó síwájú rẹ̀ tó ní òun ò fẹ́ wà láyé mọ́. Òfin Abùjá ò lè dá rìn dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin tí ìpínlẹ̀ wà lọ́wọ́ yín lẹ máa gbé e dé ibẹ̀, ìdí tí mo fi kọ̀wé sí yín nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ ni. Èrò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ẹnu géètì. Ọmọbìnrin kan jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ò tíì pé oṣù méjì. Mo gbé ọmọ sórí òṣùwọ̀n, ọmọ sanra dáadáa, mo kọ ọ́ sí káàdì. Ó ní, "Mà, nǹkan ń rìn lórí mi. Ó ń rìn bí eèrà, ó tún máa ń ta mí bí ata. Mi ò kì í sùn." Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí iye èrò tó kù. Mo fún un ní parasitamọ́ọ̀lù, mo ní kó máa sinmi. Ó dìde. Ó ti rìn tó ìṣísẹ̀ mẹ́ta kó tó rántí pé òun gbé ọmọ sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì. Ó padà wá gbé e, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Mo gbàgbé ojú ọ̀pọ̀ èèyàn nídìí iṣẹ́ yẹn, àmọ́ mi ò gbàgbé ẹ̀rín náà.

Ohun tó ń sọ ní orúkọ. Ọdẹ orí ni Yorùbá ń pè é, láti ayébáyé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Makanjuola, oníṣègùn ọpọlọ, tẹ ìwádìí jáde lórí rẹ̀ ní 1987: àwọn tó ń sọ pé nǹkan ń rìn káàkiri orí àwọn, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn tàbí àníyàn tó pọ̀ jù ló sábà máa ń wà nídìí ọ̀rọ̀ wọn. Ìyá mi tí kò kàwé ìbá ti gbọ́ gbólóhùn yẹn kó sì fura. Èmi tí mo kàwé ni mo fún un ní parasitamọ́ọ̀lù. Káàdì tí ìjọba tẹ̀ fún mi bèèrè ìwọ̀n ọmọ, ó bèèrè ọjọ́ abẹ́rẹ́ tó ń bọ̀, kò sí ibì kankan lórí rẹ̀ tó ti bèèrè bóyá ìyá ń sùn.

Ìgbà kejì tí mo máa rí ọmọbìnrin yẹn, ilé àdúrà kan ni. Ṣẹ́ẹ̀nì wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi so ó mọ́ òpó. Àbísínwín ni wọ́n ní ó ń ṣe é, wọ́n ní kó gbààwẹ̀. Ẹ gbọ́ o, abiyamọ tí ọyàn rẹ̀ ń kán sí aṣọ. Ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ìkà èèyàn. Ó ní ilé ìwòsàn tí wọ́n júwe fún òun jìnnà, owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ fún èèyàn méjì ju ohun tí òun ń rí lọ́sẹ̀ lọ, wòlíì sì ní kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀. A gbà á kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn. Ó lo oògùn, nọ́ọ̀sì ọpọlọ kan sì ń bá a sọ̀rọ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù karùn-ún, ó ti ń dá wẹ ọmọ rẹ̀. Ó ń tajà báyìí. Ìbọ̀sẹ̀ ló máa ń wọ̀ lọ sọ́jà nínú oòrùn, nítorí àpá tó wà lọ́rùn ẹsẹ̀ rẹ̀.

Ó yá, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyí.

1. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé nǹkan òyìnbó ni mo ń bèèrè. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó lọ kọ́ ìṣègùn ní Birmingham, gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọpọlọ Arò. Wọn ò tíì kọ́ ilé náà tán. Kò jókòó de kọngílá. Ó lọ bá àwọn ará abúlé tó yí Arò ká, ó ní kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé, kí wọ́n sì gba owó yàrá lórí rẹ̀. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan á mú ẹbí kan dání, tí á máa se oúnjẹ fún un tí á sì máa ṣọ́ ọ. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á rìn lọ gba ìtọ́jú. Tí ìtọ́jú bá parí, wọ́n á padà sí abúlé, àárín àwọn tó ń lọ oko, tó ń ta ọjà, tó ń ṣe ìnáwó. Lásìkò yẹn kan náà, ẹ̀yìn ògiri gíga ni ọ̀pọ̀ òyìnbó ń kó irú wọn pamọ́ sí. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè péjọ sí Abẹ́òkúta fún àpérò àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Áfíríkà. Nígbà tó yá, Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé.

Ó bá àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣiṣẹ́ pọ̀ pẹ̀lú, kò fi wọ́n ṣẹ̀sín. Dókítà kan láti Kánádà, Raymond Prince, tí òun náà ṣiṣẹ́ ní Arò, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1960 pé àwọn oníṣègùn Yorùbá ń fi igi asofẹ́yẹjẹ tọ́jú wèrè. Ìdílé igi yẹn náà ni wọ́n ti yọ reserpine, oògùn tí àwọn dókítà náà fi tọ́jú wèrè nígbà yẹn, ní Switzerland ní 1952. (Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ se àgbo o. Ta ló mọ ìwọ̀n oògùn tó wà nínú ìkòkò? Reserpine máa ń fa ìfúnpá wálẹ̀, mo sì ti rí ẹni tó mu àgbo tó dákú lẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀.) Ohun tí mo ń sọ ni pé ilẹ̀ wa níbí la ti fi hàn pé a lè tọ́jú aláìsàn ọpọlọ láàárín èèyàn, nítòsí ilé, kí ara rẹ̀ sì yá. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ọkọ ọmọbìnrin yẹn ò sì rí owó ọkọ̀.

2. Ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ ìtọ́jú, ẹ fi sínú ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé gbogbo.

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú àwọn olùdámọ̀ràn yín á rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ lásán? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì bá mú, èrò kan náà ló ń yí lórí rẹ̀ tọ̀sántòru: mi ò wúlò, kò lè dáa fún mi, èmi ni mo fa gbogbo rẹ̀. Èrò yìí á lé e kúrò láàárín ẹgbẹ́. Bó bá ti wá ń dá wà, kò ní rí nǹkan tó máa já èrò náà nírọ́, èrò náà á sì máa lágbára sí i. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Aaron Beck, oníṣègùn ọpọlọ ní Philadelphia, fetí sí irú àwọn èrò bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn aláìsàn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí wọ́n á ṣe máa mú èrò kọ̀ọ̀kan síta, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n bi í pé ẹ̀rí rẹ dà? Kò sí idán níbẹ̀. Ó ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é, ó ṣeé kọ́, wọ́n sì ti dán an wò lọ́pọ̀ ìgbà bí wọ́n ṣe ń dán oògùn wò.

Ẹ ó ní kò sí dókítà. Òótọ́ ni. Àwọn oníṣègùn ọpọlọ tó kù ní Nàìjíríà ò tó 300, a sì lé ní igba mílíọ̀nù. Àwọn tó kù náà ń wá físà. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí a wo Harare, olú ìlú Zimbabwe. Oníṣègùn ọpọlọ kan wà níbẹ̀, Dixon Chibanda. Ọmọbìnrin kan tó ń tọ́jú gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ìyá ọmọ náà sọ fún un pé àwọn ìbá ti mú un wá, dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún owó ọkọ̀ ni ò sí lọ́wọ́ àwọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ èyí, mo ní láti jókòó. Ní 2006, Chibanda kó ìyá àgbà mẹ́rìnlá jọ ní àdúgbò Mbare, ó kọ́ wọn níṣẹ́, ó sì gbé bẹ́ǹṣì síta fún wọn nítorí kò sí yàrá. Èdè Shona tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún àìsàn náà, kufungisisa, ìyẹn ríronú jù. Ta ni nínú wa tí kò tíì gbọ́ "ó ti ń ronú jù" rí?

Àwọn ìyá àgbà náà kì í sọ pé fara dà á. Wọn kì í sọ pé gbàdúrà, tàbí pé wo ẹnìkejì rẹ tí tirẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. (Irú èyí ni gbogbo wa máa ń sọ, èmi náà sọ ọ́ fún ọgbọ̀n ọdún.) Wọ́n á ní kí o ka ìṣòro rẹ níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ní èwo ni kí a kọ́kọ́ mú? O mú gbèsè. Ó dáa, kí lo lè ṣe sí gbèsè náà láàárín òní sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ìwọ fúnra rẹ lo máa dáhùn. O padà wá, wọ́n á bi ọ́ bó ṣe lọ. Bí ẹ̀ẹ̀mẹfà báyìí. Ìwádìí tó jáde ní 2016 kó èèyàn 573 jọ ní ilé ìwòsàn 24 ní Harare. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà tẹ́lẹ̀, 50 ṣì ní àmì ìrẹ̀wẹ̀sì lára. Nínú àwọn tó jókòó ti ìyá àgbà, 14 ni.

Kódà a ò nílò láti lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Ní Ọ̀ṣun níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn ti fi ìwé ìtọ́sọ́nà Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ibùdó ìlera alábọ́ọ́dé ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ bí wọ́n á ṣe máa dá àìsàn ọpọlọ mọ̀ tí wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀. Irú èmi ni wọ́n kọ́. Wọ́n sì kọ́ ọ, wọ́n mọ̀ ọ́n. Kí ló dé tí kò tíì dé ibi tí mo ti ṣiṣẹ́?

Ohun tí mo ń bèèrè: kí ẹ kọ́ ó kéré tán èèyàn méjì ní ibùdó kọ̀ọ̀kan, nọ́ọ̀sì kan àti ìyá àgbà kan tí àdúgbò gbẹ́kẹ̀ lé, kí ẹ sì máa san owó fún ìyá àgbà náà, kí ẹ má pè é ní iṣẹ́ Ọlọ́run. Kí ẹ sì tẹ káàdì ọmọdé tuntun tó ní ìbéèrè mẹ́ta fún ìyá: Ṣé ẹ ń sùn? Ṣé nǹkan tó máa ń múnú yín dùn tẹ́lẹ̀ ṣì ń múnú yín dùn? Ṣé ó ń wá sí yín lọ́kàn pé kí ẹ ṣe ara yín tàbí ọmọ léṣe? Ìlà mẹ́ta ni.

3. Ẹ yọ ẹ̀wọ̀n kúrò lórí ẹni tí ayé ti sú.

Abala 327 nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí a jogún sọ pé ẹni tó bá gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀ jẹ̀bi, ọdún kan ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀. Mo mọ ìdílé kan tó gbé ọmọkùnrin wọn pamọ́ sí yàrá fún ọjọ́ mẹ́ta nítorí ìbẹ̀rù pé bí àwọn bá gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá á dé. Nígbà tí wọ́n wá ránṣẹ́ pè mí, ètè rẹ̀ ti bó, omi ni mo kọ́kọ́ fún un. Ó yè. Ìyá rẹ̀ kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, kò bẹ̀ mí pé kí n tọ́jú ọmọ rẹ̀, ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Èyí kò nílò Abùjá rárá. Ìwé òfin yẹn wà lábẹ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkó ti yí tirẹ̀ padà láti 2011: ó ṣì pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, èyí tó dùn mí, àmọ́ ilé ìwòsàn ni ilé ẹjọ́ gbọ́dọ̀ rán ẹni náà lọ dípò ẹ̀wọ̀n. Bí Èkó bá lè dé ìdajì ọ̀nà, ẹ̀yin yòókù lè dé òpin rẹ̀, kí Èkó sì parí tirẹ̀. Ẹ fi àbádòfin ránṣẹ́ sí àwọn aṣòfin yín. Kò ní gbà ju ojú ewé kan.

4. Ilé àdúrà, ilé ààfáà, ilé oníṣègùn.

Mo mọ̀ pé ẹ̀yin olóṣèlú máa ń bẹ̀rù àtikan èyí nítorí ìbò. Mi ò ní kí ẹ kó ọlọ́pàá lọ bá wọn. Bí ẹ bá tì wọ́n pa lónìí, inú igbó ni wọ́n máa gbé àwọn aláìsàn lọ lọ́la, nítorí ọ̀dọ̀ wọn ni ẹbí kọ́kọ́ ń gbé èèyàn wọn lọ, wọ́n á sì tún máa gbé wọn lọ. Ẹ̀rí wà pé ọ̀nà mìíràn wà. Gureje àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe é ní Ìbàdàn àti ní Kumasi ní Ghana, wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2020. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ń lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn wòlíì àti oníṣègùn, wọ́n ń fún aláìsàn ní oògùn níbẹ̀, wọ́n jùmọ̀ ń tọ́jú rẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbàdúrà ń gbàdúrà. Aláìsàn 307 ni wọ́n tẹ̀ lé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tí wọ́n jùmọ̀ tọ́jú yá ju ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ bó ṣe wà lọ.

Nítorí náà: ẹ forúkọ gbogbo irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, kí nọ́ọ̀sì máa yà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pẹ̀lú oògùn. Ààlà kan ṣoṣo ni kí ẹ fà fún wọn: kò sí ṣẹ́ẹ̀nì, kò sí pàṣán, kò sí ààwẹ̀ fún aláìsàn. Ẹni tó bá kọjá ààlà yẹn, ìgbà yẹn ni kí ẹ rán ọlọ́pàá.

Ẹ̀yin wòlíì tó ń ka èyí, ẹ má bínú sí mi. Ọ̀dọ̀ yín ni mo ti ń sin Ọlọ́run.

5. Owó. Mi ò ní pẹ́ níbí. Ìpínlẹ̀ yín ní ètò adójútòfò ìlera. Ẹ kọ àìsàn ọpọlọ sínú rẹ̀ ní gbangba, ìtọ́jú onísọ̀rọ̀ àti oògùn méjèèjì. Ẹ fi oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì, oògùn wárápá àti ti wèrè sí kọ́bọ́ọ̀dù wa, àwọn èyí tó ti pẹ́ lọ́jà tí kò wọ́n. Kí ẹ sì tẹ iye tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún ìlera ọpọlọ nínú ìṣúnná ọdún yìí jáde, kí a rí i, kódà bó bá jẹ́ òdo.

Mo ti fi ẹ̀dà lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Màá máa retí èsì fún oṣù mẹ́ta, màá sì sọ fún gbogbo èèyàn èwo ló dáhùn.

Bẹ́ǹṣì tí ọmọbìnrin yẹn gbàgbé ọmọ rẹ̀ sí lọ́jọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti kán, wọ́n fi búlọ́ọ̀kù gbé e dúró. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbé káfíńtà lọ, ó tún un ṣe, ó sì bá mi gbé e jáde sábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn ibi tí a ti ń gún abẹ́rẹ́. Mo ti san owó rẹ̀. Àwọn tó máa jókòó síbẹ̀ ni mo ń bèèrè lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì